Ohùn Tí Ó Pe Oyèdìran

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà ní yunifásítì tí ó ń ṣe ẹ̀rọ ìkàwé. Kì í ṣe fún afọ́jú o. Ó ń ṣe é fún àwọn tí ojú wọn dá ṣáká, tí ọpọlọ wọn pé, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń sá kiri mọ́ wọn lójú bí eèrà tí a da omi sí. Bí o bá gbé e lé orí ìwé, yóò kà á sókè fún ọ. Ó fẹ́ fi dá òwò sílẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Oyèdìran lorúkọ ẹ̀gbọ́n yìí, iṣẹ́ irin jíjó ló ń ṣe.

Ìyá wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló yá ẹ̀rọ náà ní ohùn. Oṣù mẹ́ta ló fi ń pe ìró ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè máa so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún náà kò parí tí ìyá fi kú. Wọ́n sin ín.

Ilé-iṣẹ́ ńlá kan wá kọ lẹ́tà sí Oyèdìran. Ẹni tó mú un wá sọ fún un pé iṣẹ́ ni, pé wọ́n fẹ́ èsì kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó fi han ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ẹtì pé, ó yọ ọ́ fún àbúrò rẹ̀.

Àbúrò ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, mo lè kà á fún yín. Ta ni yóò wá ka èyí tó ń bọ̀?” Ó gbé ẹ̀rọ lé e.

Ọ̀sán gangan ni. Ilé dá wáí. Ohùn ìyá jáde láàárín yàrá: “Oyèdìran.”

Háà! Orí mi ń wú bí mo ti ń sọ ọ́ yìí. O mọ̀ pé àwa kì í jẹ́ ìpè òkú. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ, wọ́n ní yóò tẹ̀ lé e lọ ni. Bẹ́ẹ̀ ìyá kò pe orúkọ yìí sínú ẹ̀rọ rí; ẹ̀rọ ló rí i lórí lẹ́tà, tó so ó pọ̀. Ọmọbìnrin náà nawọ́ láti pa á. Ẹ̀gbọ́n gbá a lọ́wọ́ mú.

“Jẹ́ kó tún pè é. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, màámi ò pe orúkọ mi rí kí wọ́n má fi ‘olódo’ tì í lẹ́yìn.”

Ohùn òkú tún pè é, jẹ́jẹ́. Kò fi nǹkan kan kún un.

“Mà,” ni Oyèdìran dáhùn.

Àbúrò ń retí kí ó ṣubú. Kò ṣubú. Ó jókòó, ó sunkún bí ọmọdé, ó sì ní kí ohùn náà ka lẹ́tà dópin. Ó fèsì lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Ìwọ tí o wá fẹjọ́ ọmọ rẹ sùn mí láàárọ̀ yìí, tí o ní òfìfo agbárí ni, dákẹ́ ná. Mi ò bá ọ ṣeré. Ìyá yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ó rò pé èébú ni yóò mú lẹ́tà dúró lójú rẹ̀. Ó di inú sàréè kí ọmọ tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ láìsí èébú. Ìwọ ṣì wà láàyè. Dìde, máa lọ sílé. Pe orúkọ ọmọ náà, kí o sì dúró síbẹ̀, má fi nǹkan kan kún un.