Ọmọ Mẹ́fà Tó Yege ní Ìdó-Àpárá

Olùyẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ ni Ìyáàfin Fadérera Aṣubíaro, obìnrin tí ìdáhùn kan ṣoṣo kì í tẹ́ lọ́rùn. Lọ́dún tí wọ́n gbé e lọ sí Ìdó-Àpárá, ìlú kékeré kan láàárín oko, ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀ ti sú ìjọba. Ọmọ méjìlélógójì ló ṣe ìdánwò àṣejáde, mẹ́fà péré ló yege. Mẹ́fà náà ni ti èṣí. Ìwé sì ti wá láti òkè pé bí wọn kò bá mú un tó méje, wọn yóò ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa.

Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lánípẹ̀kun, kò rí oorun sùn mọ́. Ó ṣa ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣijúadé, ó sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò lọ́sàn-án lójoojúmọ́.

"Ẹni keje wa nìyí, mà," ló wí. "Orí àwọn yòókù kò gbé ìwé."

Ìwé èsì ni Fadérera ń wò. "Ọ̀gá, níbo làwọn mẹ́fà yìí ń gbé?"

"Ìtòsí ibí náà ni, mà."

"Àwọn tó fìdí rẹmi ńkọ́?"

Ọ̀gá ronú díẹ̀. "Òkè odò ni gbogbo wọn."

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn obìnrin yìí. Ṣé odò ló ń pín ọgbọ́n fún ọmọ ènìyàn ni? Nígbà tí ìdánwò dé lóṣù kẹfà, kò lọ sí gbọ̀ngàn. Ó sọdá odò Olómù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó sì dúró sétí omi lódìkejì.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú, odò kún àkúnya. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ọmọ márùn-ún ló sì ń gbà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò lọ bẹẹrẹ, ìwé nínú ọ̀rá, bàtà lọ́wọ́. Fadérera rí Ṣijúadé láàárín wọn.

"Ìgbà wo lẹ máa ń dé ibi ìdánwò?"

"Bí omi bá kún báyìí, mà, wọn á ti ṣe é dé ìdajì ká tó wọlé. A ó kọ èyí tí a bá lè kọ."

"Ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Kò sẹ́ni tó bi wá, mà."

Fadérera ránṣẹ́ pe ọ̀gá. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, tó rí ìlà náà, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ẹgba ni mo máa ń fi nà wọ́n," ló wí. "Mo ní ọ̀lẹ ló ń mú wọn pẹ́."

Mẹ́fà náà ló tún yege lọ́dún yẹn. Ṣijúadé kò sí níbẹ̀. Fadérera gbéra lọ sọ́dọ̀ ìjọba, ó sì bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi yọ̀ǹda ọdún kan sí i. Nígbà tí oṣù ìdánwò tún kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ará ìlú gba àwọn ọmọ òkè odò sílé ní méjì méjì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba mẹ́rin. Ṣijúadé náà padà wá jókòó fún ìdánwò.

Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló yege, orúkọ Ṣijúadé ló sì ṣáájú. Ìjọba kọ̀wé béèrè bí iye tí wọ́n rò pé yóò di méje ṣe di ọ̀pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí Lánípẹ̀kun fi dá wọn lóhùn ni ará Ìdó-Àpárá fi ń pòwe fún ẹni tó bá kánjú ka èsì títí dòní, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.