Ìdí Tí Omi Etí Òkun Fi Ń Tutù Nígbà Tí Atẹ́gùn Bá Le

Nígbà láéláé, kí etí òkun tó mọ ohun tó ń jẹ́ òtútù, kòríkòsùn ni Atẹ́gùn àti Omi Òkè. Omi Òkè ni omi ojú òkun tí ó ń yá oòrùn. Bí Atẹ́gùn bá gba etíkun lọ sí ìlà oòrùn, Omi Òkè á di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọn á jọ lọ. Wọ́n ti mulẹ̀ pé àwọn kò ní í fi ara wọn sílẹ̀.

Àbúrò Omi Òkè wà lábẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Omi Ìsàlẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, kò sì rí oòrùn rí. Ohunkóhun tó bá kú nínú òkun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń rọ̀ sí, á sì di oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ ẹ́ níbẹ̀?

Ní Èbúté-Àgbọn, obìnrin apẹja kan wà tó ń jẹ́ Orímisàn. Lọ́dún kan, ẹja tán létí òkun. Àwọ̀n lọ, àwọ̀n bọ̀, koríko omi ló ń kó. Àwọn àgbà ń fi ebi sùn kí ọmọdé lè rí jẹ, síbẹ̀ ọmọdé ń kú.

Lọ́jọ́ tí Orímisàn sin Tẹniọlá ọmọ rẹ̀, kò sunkún. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, ó wà á títí dé ibi tí ilẹ̀ abẹ́ òkun ti já sí ọ̀gbun. Ó fi àjẹ̀ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

“Ẹ̀yin tí ẹ ni omi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ mi ni. Ibo ni oúnjẹ wà?”

Omi Ìsàlẹ̀ dáhùn láti inú ọ̀gbun. “Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló dùbúlẹ̀ lé mi lórí. Bí kò bá kúrò, n kò rọ́nà gòkè.”

Orímisàn kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀. “Ìyá mi, Omi Òkè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣún díẹ̀.”

“Ibi tí Atẹ́gùn bá lọ ni mò ń lọ,” ni Omi Òkè wí, “etíkun ló sì máa ń gbà. Ibo ni kí n ṣún sí?”

Ilẹ̀ ayé, àgbà tó ń yí láìsinmi, gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

“Omi Òkè,” ó ní, “ọjọ́ tí mo ti ń yí ni mo ti ń fà ọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ, sí agbami. Ọwọ́ Atẹ́gùn tí o dì mú ni kò jẹ́ kí o lọ. Tú u sílẹ̀, ọ̀nà yóò là fún àbúrò rẹ.”

“Ṣé a óò tún jọ máa rìn?”

“Atẹ́gùn yóò máa tì ọ́ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní í jọ rìn mọ́.”

Omi Òkè wo Atẹ́gùn. Ó wo obìnrin tí erùpẹ̀ sàréè ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

“Ọmọ mélòó lo bí?”

“Mẹ́rin, Ìyá. Ọ̀kan ló kù.”

Omi Òkè tú ọwọ́ rẹ̀.

Atẹ́gùn bú ramúramù. Ó rọ́ lé e kí ó lè bá a, ṣùgbọ́n bí ó ti ń tì í tó ni Ilẹ̀ ń fà á sọ́tùn-ún tó, títí Omi Òkè fi yà lọ sí agbami. Nígbà náà ni Omi Ìsàlẹ̀ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ abẹ́ òkun, ó gbé òtútù rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀ wá sí etíkun. Ẹja ṣáwá dà tẹ̀lé e.

Orímisàn wa ọkọ̀ tẹ̀lé wọn, ó da àwọ̀n, ó sì ki ọwọ́ bọ omi. Ó tutù wọ egungun. Ibẹ̀ ni omijé nítorí Tẹniọlá ti wá bọ́ lójú rẹ̀, ó sunkún títí, ó sì ń fa àwọ̀n bọ̀ bí ó ti ń sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ tó kù jẹun yó.

Láti ọjọ́ náà ni atẹ́gùn ti ń gba etíkun lọ ní tirẹ̀, tí omi ojú òkun ń yà sọ́tùn-ún, tí omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ gòkè, tí ẹja sì ń pọ̀. Apẹja tó bá kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ omi òwúrọ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá le, bó ti wù kí òtútù mú un tó, kì í ṣépè. Á rọra wí fún Omi Òkè pé, “Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú.”