Àwọn Alángbá Ilé Jẹ́gẹ́dẹ́

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹnu yín ti mọ́ ọn, àbí? Ó dáa, ta ló gbé etí lé ikùn alángbá rí? Èmi kọ́ o. Bí mo bá da ikùn tèmi yìí délẹ̀ lónìí, okùn ni ẹ ó fi fà mí dìde, ìró mi yóò sì ti tú kí ẹ tó ṣe tán! Ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ pa òwe náà fún. Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ahunṣọ ńlá kan wà ní Ìlápẹ̀, Jẹ́gẹ́dẹ́ lorúkọ rẹ̀. Òfì kún àgbàlá rẹ̀ bí igbó, kò sì sí ọ̀gá tó ń sanwó bíi tirẹ̀. Ìyàwó ẹni tó bá ń hunṣọ níbẹ̀ kì í ra eegun. Ẹran gidi ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àṣà kan. Bí Jẹ́gẹ́dẹ́ bá jáde láàárọ̀, gbogbo ahunṣọ, àtàgbà àtọmọdé, ni yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà nílẹ̀, ikùn nílẹ̀. Yóò máa rìn láàárín wọn, yóò máa yẹ iṣẹ́ àná wò, yóò máa bú ìyá ẹni tó bá wù ú. Ẹni tó bá gbórí sókè kó tó ní "Ẹ dìde", iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹnì kan bá ní ara òun kò yá, Jẹ́gẹ́dẹ́ á nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà: "Wo àwọn tó ń dúró de òfì rẹ!" Òótọ́ sì ni, wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú tó ń kọjá a máa fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Alángbá ilé Jẹ́gẹ́dẹ́, ẹ kú ìdọ̀bálẹ̀ o!"

Àjàdí wà lára àwọn ahunṣọ náà. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, inú rírun tó ń mú un dé eegun ẹ̀yìn. Ó sọ fún Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀, kí òun padà sóko.

"Oko kẹ̀? Bàbá Ìdòwú, ta ló ṣépè fún wa? Orí gbé yín débi oyin, ẹ ní ewúro lẹ fẹ́ lá!"

"Àyọ̀ká, inú ń run mí."

"Inú ta ni kì í run? Ẹ mu àgbo, kí ẹ máa lọ."

Ó mu àgbo, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Jẹ́gẹ́dẹ́ rí òwú tó já nínú aṣọ tí olóyè kan ní kí wọ́n hun. Ó búra pé ẹnikẹ́ni kò ní dìde títí ẹni tó já a yóò fi jẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Oòrùn yọ, ó gòkè, ó ń yan wọ́n lẹ́yìn bí ẹja. Àjàdí kérora.

"Dákẹ́ jàre!" Dáramọ́lá tó dọ̀bálẹ̀ tì í ló sọ bẹ́ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣé o fẹ́ kó lé gbogbo wa dànù ni?"

Àjàdí dákẹ́.

Nígbà tí èébú rẹ Jẹ́gẹ́dẹ́ lẹ́nu, ó ní kí wọ́n dìde. Gbogbo wọn dìde, àfi ẹnì kan. Inú ọ̀gá dùn.

"Ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ́ nílé! Ẹ̀yin ọmọ àlè yòókù, ẹ kọ́gbọ́n lára rẹ̀."

Dáramọ́lá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án, ó yí i padà. Àjàdí kò mí mọ́.

Àyọ̀ká sáré dé, kò wé gèlè. "Dáramọ́lá! Ìwọ lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. O ò mọ̀ pé ọkọ mi ń kú lọ ni?"

Dáramọ́lá kò lè wo ojú rẹ̀. "Ìyàwó, alángbá ni gbogbo wa níbí. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀. Ta ni yóò mọ èyí tí inú ń run?"

Àyọ̀ká jókòó ti òkú ọkọ rẹ̀. Òun mọ̀. Òun ni wọ́n sọ fún.

Ẹ má retí pé kí n ní Jẹ́gẹ́dẹ́ ronú pìwà dà, tàbí pé àrá sán pa á. Ó jẹ, ó yó, ó darúgbó. Kí wọ́n tó gbẹ́ ibojì Àjàdí tán, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti ń jà sí òfì rẹ̀. Ẹni tó borí fi ẹ̀rín lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ sì jó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn tún wà nílẹ̀ gbalaja. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọjá kò fi wọ́n ṣẹ̀sín mọ́. Wọ́n á wo àwọn ẹ̀yìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ wọ̀nyẹn, tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì, wọ́n á mirí, wọ́n á ní: gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.