Ọdẹ́rìndé Adènà-Àká àti Òjò Ẹnu

Ní ìgbà láéláé, kí ẹnikẹ́ni tó la ọ̀nà gba inú àfonífojì, ìlú kan wà lórí òkè tí à ń pè ní Àpátadúdú. Délànà ọmọ Arọ́kìn ni ó ń ro ìtàn rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òkè, tí ẹ ń jẹ ọkà ibẹ̀ títí di òní, ni ó ń rò ó fún.

Ilẹ̀ gbígbẹ ni ilẹ̀ náà. Bí ọyẹ́ bá ti lọ, oòrùn a jókòó sórí àpáta bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí a ń dìde. Nítorí èyí, inú àká kan ṣoṣo, nínú ihò àpáta, ni gbogbo irúgbìn ọkà bàbà ìlú wà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bù ú títí Asọ̀jò, ìjòyè tí ń wo ojú ọ̀run fún ọba, yóò fi kéde pé òjò dé. Bí ọba bá ti fọwọ́ sí ìkéde náà, ó di òfin. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tí yóò wọ ààfin gbọ́dọ̀ fi ewé kókò borí, kí òjò má baà pa á.

Ní ọdún kan, Ọba Adéṣígbìn gbọ́ pé àwọn ará àfonífojì ti ń gbin ọkà. Ó bínú. Ó ní, “Ṣé àwọn tí ń gbé inú kòtò ni yóò ṣáájú wa rí òjò, àwa tí a fi orí kan sánmà?”

Ṣàngóyẹmí ni Asọ̀jò, ọkùnrin tí ó ń wo àwo oúnjẹ ọba ju bí ó ti ń wo ojú ọ̀run lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kábíyèsí, òjò ti dé. Ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí ó kan ilẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ni òjò ẹnu ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò bá rí àwọn ìjòyè, àgbà tí ó fi irùngbọ̀n ṣe ọ̀ṣọ́, lábẹ́ ewé tí oòrùn ti yan gbẹ! Ẹnìkan a ní, “Ẹ kú òjò o.” Èkejì a nu òógùn ojú, a ní, “Ti òní mà kúkú pọ̀ o!”

Ọdẹ́rìndé nìkan ni ó wọ ààfin láì borí: balógun Àpátadúdú, ẹkùn tí ń sùn láì dijú, ọkùnrin tí ogun pàdé tí ogun béèrè ọ̀nà mìíràn.

“Balógun, ewé rẹ dà?” ni ọba wí.

“Kábíyèsí, oòrùn ni mo bá lóde.”

Ṣàngóyẹmí rẹ́rìn-ín. “Àbí ojú ń dun balógun ni?”

“Ojú kò dùn mí. Òógùn orí rẹ ni ó ń ṣàn. Bóyá òun ni òjò tí o rí.”

Ọba ní lọ́la ni wọn yóò kó irúgbìn jáde. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ewé tí ẹ ní ká dé kò pa ẹnikẹ́ni, ẹ̀sín lásán ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn kan ṣoṣo ni a ní. Bí a bá sin ín sínú eruku gbígbóná, ẹyẹ yóò jẹ ẹ́, èèrà yóò jẹ ẹ́, ebi yóò sì jẹ àwa. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mumi kí a tó fún un lóúnjẹ.”

Ìjòyè kan wúkọ́, wọ́n sì rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ewé gbígbẹ ni ó bọ́ sí i lọ́fun.

Ọdẹ́rìndé lọ sílé. Nínú ọkàn rẹ̀, àwọn ọ̀tá tí ó ti pa lójú ogun níyì ju àwọn wọ̀nyí lọ.

Àbẹ̀jẹ́, aya rẹ̀, ní, “Olówó orí mi, ẹ bá kúkú dé ewé náà. Orí ta ni ó tóbi ju ewé lọ?”

“Bí ó bá ṣe orí mi nìkan ni, ǹ bá fi odidi igi bò ó. Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí ni wọn yóò jẹ lọ́dún tí ń bọ̀?”

Àbẹ̀jẹ́ dìde. Ó pọn omi sínú kèrègbè fún un.

Òkúta ńlá kan wà lẹ́bàá ihò tí àká wà, tí àwọn baba ńlá fi èèkàn dá dúró nítorí ọjọ́ ogun. Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé ẹni tí ó bá wà nínú ihò kò lè tún un yí padà. Lóru ọjọ́ náà, ó wọlé, ó yọ èèkàn, òkúta sì yí wá, ó dí ẹnu ihò pa, ó ku àlàfo tóóró tí ohùn lè gbà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ìjòyè gbé agbọ̀n dé. Wọ́n ti òkúta náà, kò mì. Wọ́n fẹ́ walẹ̀ ìdí rẹ̀, ọ̀dá ti mú ilẹ̀ le bí irin. Ọkọ́ kán, ìdí òkúta kò ṣí.

Ṣàngóyẹmí kígbe, “Balógun, jáde! Òjò ń pa wá níta!”

Ẹ̀rín dáhùn láti inú àpáta. “Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi nínú rẹ̀. Kèrègbè mi ti gbẹ.”

Ọba fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí i: ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, kí ó jáde sínú òjò. Ojoojúmọ́ ni Àbẹ̀jẹ́ ń wá dúró lẹ́yìn ẹ̀ṣọ́, tí ó ń sunkún.

“Má sunkún mọ́,” ni ohùn náà wí, ó ti ń di ohùn ewé gbígbẹ. “Omi kò pọ̀ tí a ó máa fi ṣòfò.”

Lọ́jọ́ kejì ọ̀rọ̀ náà, kò sí ohùn mọ́.

Ìgbà tí oṣù mìíràn lé ni àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Ó rọ̀ títí ilẹ̀ fi rọ̀, ìdí òkúta sì ṣí. Wọ́n bá Ọdẹ́rìndé níjòókòó, ó fẹ̀yìn ti àká. Èdìdì àká kò ṣí.

Wọn kò dá òkúta náà padà sí àyè rẹ̀. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń lọ bu irúgbìn ní Àpátadúdú gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbẹ́ rìn kọjá lára rẹ̀, kí ó sì dá orúkọ balógun náà kí ó tó wọlé.

Adéṣígbìn pẹ́ lórí oyè, ó sì wàjà lórí ibùsùn rẹ̀. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ Ṣàngóyẹmí. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí àfonífojì, ó ń da ewúrẹ́ níbẹ̀ títí ó fi kú. Àwọn ìjòyè ní àwọn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àbẹ̀jẹ́ ni ó gbin ọkà àkọ́kọ́, ó sì rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọdẹ́rìndé, ẹnu ihò náà ni wọ́n sin ín sí.