Táyà Iwájú Ọkọ̀ Àjàdí

Àjàdí, awakọ̀ típà tó ń kó òkúta sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ra táyà méjì tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Ó ní kí Lásísì fọkanáísà bá òun fi wọ́n síwájú ọkọ̀. Lásísì fọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ wọn, ó mirí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sẹ́yìn. Méjì-méjì ni táyà ẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá bẹ́, èkejì á gbé e. Ti iwájú ò ní ẹnìkejì."

"Tuntun ni. Ìwọ ṣáà fi wọ́n síbẹ̀."

Lásísì fi wọ́n síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì ti sẹ̀ gan-an. Àwọn alágbàṣe mẹ́rin tó máa ń jókòó sórí ẹrù ti ń dúró. Àjàdí rí omi dúdú tó ń kán lára táyà iwájú. Ibi tí àwọ̀ tí wọ́n fi kun táyà àlòkù náà ti ṣàn kúrò ti là káàkiri bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ó wo àwọn mẹ́rin náà, ó jókòó sílẹ̀.

Lásísì ò fi í ṣẹ̀sín. Ó gbé jáàkì rẹ̀ dé. "Ẹ jẹ́ ká yọ méjì tó le lẹ́yìn wá síwájú. Ìdajì ẹrù lẹ ó máa kó títí ẹ ó fi rí ojúlówó rà."

Àjàdí nu ojú rẹ̀. "Ilé tí a fi itọ́ mọ, wọ́n ní ìrì ni yóò wó o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìrì. Ó wó tèmi kí ẹnikẹ́ni tó wọlé."