Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé ti Bàbá Fátúróti

Ọdún mọ́kànlá ni Adégòróyè fi wá ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ó wá a dé ẹ̀yìnkùlé àwọn mẹkáníìkì, ó wá a dé àgbàlá àwọn ọlọ́lá tí wọ́n ti kú, ó wá a dé ìdí ògiri àwọn ilé ìjọsìn níbi tí koríko ti bo irin mọ́lẹ̀. Ní ọdún kejìlá, ní òwúrọ̀ kan tí kùrukùru ṣì wà nílẹ̀, ó rí i.

Òwe tí ó ti inú ìwákiri yẹn jáde kò ṣàjèjì sí àwọn ará abúlé Òkè-Ọsàn: "Ẹni tó fi ẹsẹ̀ dán táyà wò, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé." Àwọn ọmọdé ń fi í ṣeré, àwọn àgbà ń fi í parí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ gbòǹgbò rẹ̀?

Ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì ni Adégòróyè, ìlú Ìdó-Ọ̀pẹ ló sì ń gbé. Ohun tó yàn láàyò ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wá àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ti dẹnu kọlẹ̀, kí ó rà wọ́n, kí ó sì tún wọn ṣe títí wọn yóò fi máa dán bí omi òjò lórí ewé kókò. Ó ti jí mẹ́ta dìde. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Ṣẹfurolé aláwọ̀ ewé kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ní lẹbẹ méjì bí ẹja ńlá, ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ó rí i lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje, kò mọ ẹni tó ni ín, ọkọ̀ náà kò sì kúrò nínú àlá rẹ̀ láti ìgbà náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Dókítà ti sọ fún un pé bóyá ni yóò tún lè fi ojú náà wa ọkọ̀ ju ọdún méjì lọ.

Oníkòkó kan ló júwe ibẹ̀ fún un níkẹyìn. Adégòróyè ti kiri ìpínlẹ̀ mẹ́rin kí ó tó mọ̀ pé Òkè-Ọsàn, ibùsọ̀ mẹ́sàn-án péré sí ilé òun, ni ọkọ̀ náà wà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó háyà Tìámíyù, ọmọ Òkè-Ọsàn tó ní ọkọ̀ ńlá tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ tó bàjẹ́, kí wọ́n lè fà á bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà gan-an.

Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń sá kòkó sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá a, nínú àgbàlá Màmá Àwẹ̀ró, opó olóògbé Bàbá Fátúróti. Ìtànṣán oòrùn gba inú páànù tó ti lu wọlé, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Ìtàkùn ti yọ lójú fèrèsé. Eruku orí rẹ̀ dàbí àtíkè lára arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Adégòróyè dúró. Ó ń ṣe é bí ẹni pé àlá náà ló ti ń dúró de òun láti ọjọ́ yìí wá.

Màmá fún un ní omi àti ìjókòó. Ó sọ fún un pé ọkọ̀ yìí ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn ní Òkè-Ọsàn láyé ọjọ́sí, pé ọkọ òun fẹ́ràn láti máa sinmi nínú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àti pé ibẹ̀ ló sùn sí tí kò jí mọ́. Fìlà rẹ̀ ṣì wà lórí ìjókòó. Láràárọ̀ ni Màmá ń kúnlẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ níwájú ọkọ̀ náà kí ó tó gbálẹ̀. Adégòróyè gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó sì pe iye kan. Màmá ní iye náà kò burú, kí ó jẹ́ kí òun rò ó díẹ̀.

Níbẹ̀ ni ìwà àwọn tó ń ra ọkọ̀ ti kó bá a. Ẹni tó fẹ́ ra àlòkù kì í yìn ín. Ẹnu àtẹ́ ni yóò máa bù lù ú kí owó lè wálẹ̀. Adégòróyè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kan ara ọkọ̀ náà, ó ní irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà tán. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹsẹ̀, ó sì fi bàtà ta táyà iwájú gbì.

"Táyà ti kú, Màmá," ó ní. "Irin lásán ni mo fẹ́ rà yìí."

Màmá gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni o fi ẹsẹ̀ ta yẹn?"

"Táyà ni, Màmá. Bí a ṣe ń dán an wò nìyẹn."

"Nílé tiyín, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi ń jí àgbà?"

Adégòróyè rẹ́rìn-ín, ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí ó rí i pé ojú Màmá kò yí padà, ó sọ iye náà di ìlọ́po méjì. Èyí tún wá burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí Màmá rí i bí ẹni tó fẹ́ fi owó nu ìwọ̀sí nù. Ó dìde, ó ní òun kò ní ọkọ̀ tí òun ń tà, ó sì wọlé lọ.

Tìámíyù ti ń tú ṣéènì tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a padà. Adégòróyè ní kí ó jẹ́ kí àwọn máa lọ ilé ná, àwọn yóò tún padà wá.

"Ẹ má bínú, Alàgbà," ni Tìámíyù wí, kò wo ojú rẹ̀. "Inú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ta nípàá yẹn ni ìyá mi bí mi sí, kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Agbádá Bàbá Fátúróti ni wọ́n fi gbà mí. Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi dán táyà wò, ẹ fi rìn délé. Tààrà ni ọ̀nà náà, ẹ ò lè ṣìnà."

Ó dá owó tó ti gbà padà fún un, ó sì wa ọkọ̀ ńlá tí àwọn méjèèjì jọ bá wá lọ.

Adégòróyè rìn. Bàtà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha á ní ibùsọ̀ kẹta, ó bọ́ ọ sọ́wọ́. Òjìji igi kòkó tẹ́ sójú ọ̀nà bí ẹní, iyẹ̀pẹ̀ tútù sì kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kàn án ní kékeré. Ibẹ̀ ni ìrántí náà ti padà wá ní kíkún. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi lórí. Ó rí ọkọ̀ aláwọ̀ ewé náà tí ó ń yọ bọ̀ nínú ọyẹ́. Ohun tí ó ti gbàgbé ni pé ọkọ̀ náà dín eré kù nígbà tó kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí eruku má baà bọ́ sínú omi, àti pé ọkùnrin tó ń wà á gbé ọwọ́ sókè, ó kí i. Ọmọdé tí kò wọ bàtà, tí kò mọ̀ rí, ni ó kí. Adégòróyè jókòó sórí òkúta kan, kò sì tètè dìde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọkọ̀ náà, ó ní, "Bàbá, ẹ káàárọ̀." Màmá Àwẹ̀ró wò ó láti ojú fèrèsé, ó sì ju àkísà kan sí i. Adégòróyè fi nu ọkọ̀ náà títí ọwọ́ ọ̀sán fi rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní gbogbo Sátidé fún oṣù mẹ́ta, kò sì dárúkọ owó. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Màmá fúnra rẹ̀ ló mú fìlà kúrò lórí ìjókòó.

"Jókòó síbẹ̀," ó ní, "kí n wò ọ́."

Ó jókòó. Màmá wò ó pẹ́. Iye tó kọ́kọ́ pè, kí ó tó ta táyà, ni Màmá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀ lé e. Àtúnṣe náà gba ọdún kan gbáko. Nígbà tí Adégòróyè wà á gba Òkè-Ọsàn kọjá, tí Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ jẹ́jẹ́ débi pé àwọn ewúrẹ́ ń ṣáájú wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Òkè-Ọsàn fi ń pa òwe náà fún ẹni tó bá ń tẹ́ńbẹ́lú ohun tó ń wá lójú ẹni tó ni ín: ọkùnrin tó ń bú abúlé tó ti ń wá ìyàwó, tàbí ẹni tó ń fi ilé àwọn baba ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́ kí wọ́n lè tà á fún un ní owó pọ́ọ́kú. Wọn kì í pariwo. Wọn á wo bàtà onítọ̀hún, wọn á sì wí pé, "Ẹni tó fi ẹsẹ̀ dán táyà wò, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé." Ohunkóhun tí a bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹnìkan ló ti tọ́jú rẹ̀ dè wá. Kí a tó san owó rẹ̀, ìkíni la kọ́kọ́ jẹ ẹni náà.