Ọ̀jẹ́dìran Tó Ń Dá Ṣeré fún Ìyàwó Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ mi kò kan ìjàpá, kò kan ẹkùn. Ó dá lórí ọkùnrin kan tó ń dá ṣeré. Bí mo bá dá orin, ẹ máa gbè é pé, "Rọra máa bọ̀."

Ní ayé àtijọ́, Ọ̀jẹ́dìran nìkan ni ẹgbẹ́ eléré ara rẹ̀. Bó bá wé gèlè, ó di ìyá arúgbó. Bó bá fọwọ́ lẹ́rán, ó di baálé tí inú ń bí. Bó bá kúnlẹ̀, ó di ọmọdé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun ló sì máa ń ṣáájú ègbè.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ìbídùn. Ibà mú un, ó sì kú. Láti ọjọ́ náà, Àwẹ̀ró kò sọ̀rọ̀, kò jẹun kánú, kò sunkún.

Ọ̀jẹ́dìran kò mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú sọ. Eré ló mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó wé gèlè, ó ṣe ìyá arúgbó níwájú Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró kò wò ó.

Láwóyin aládùúgbò wọn ń ti oko bọ̀. Ó ní, "Ọmọ kú, o ń ṣeré. Ṣé iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn?"

Ọ̀jẹ́dìran ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ní ni mò ń fún un."

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, ó ṣe baálé. Àwẹ̀ró gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, ó dá orin tí wọ́n máa ń kọ fún Ìbídùn. Òun ló ń dá a, òun náà ló ń gbè é:

Ta ló ń ti oko bọ̀?
Rọra máa bọ̀.
Baba ló ń ti oko bọ̀.
Rọra máa bọ̀.
Ó ru iṣu, ó ru àgbàdo.
Rọra máa bọ̀.
Ta ló ń sáré pàdé rẹ̀?

Ibẹ̀ ló ti kúnlẹ̀, kó lè di ọmọdé. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn kọ̀. Ó wólẹ̀.

Ohùn kan bá jáde, ó tín-ín-rín bí òwú:

Rọra máa bọ̀.

Àwẹ̀ró ni. Ó dìde lórí ẹní, ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó ní:

Ìbídùn ló ń sáré pàdé rẹ̀.

Ó bú sẹ́kún. Ọ̀jẹ́dìran náà bú sẹ́kún. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sunkún ọmọ wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró nu ojú. Ó ní, "Ebi ń pa mí."

Ọ̀jẹ́dìran dáná, ó po ẹ̀kọ fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kì í ṣe ọkọ́ àti àdá nìkan ni ọkùnrin fi ń tọ́jú ilé. Ó sì kọ́ wa pé bó ti wù kí eléré mọ̀ ọ́n ṣe tó, ìbànújẹ́ kì í ṣe orin àdágbè, tí ẹnì kan ń dá, tí òun náà tún ń gbè.

Ibí ni mo gbé ààlọ́ tèmi dé, tí mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.